Ẹ Má Fi Òkùn Kan De Ọ̀kadà àti Kẹ̀kẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Ìrìnnà Abidjan

Sí Mínísítà fún Ètò Ìrìnnà ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, sí àwọn ọ̀gá AMUGA tí wọ́n ń bójú tó ìrìnnà ní Abidjan àti àwọn ìlú tó yí i ká, àti sí Gómìnà Ẹkùn Abidjan.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Obìnrin ọlọ́jà ni mí ní Adjamé, ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà tó wà láàrin ìlú wa àti ìlú yín ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ Faransé ní ọjà Èjìgbò. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àlejò tó ń kọjá lọ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. A ń san owó ọjà, ibí la ti ń bímọ, ilé ìwé yín ni àwọn ọmọ wa ń lọ, ọkọ̀ tí onílùú ń wọ̀ ni àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó náà ń wọ̀. Mo fi èdè mi kọ lẹ́tà yìí kí àwọn ìyá tí a jọ ń wọ ọkọ̀ náà lè gbọ́ ohun tí mo ń bá yín sọ lórí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wa.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún rèé: ẹ má fi òfin kan náà de ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pọ̀. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa gbé èèyàn nínú àdúgbò, kí ọ̀kadà máa gbé ẹrù, kí àwọn méjèèjì sì fi òpópónà ńlá sílẹ̀ fún ọkọ̀ ńlá.

Ní 2025, àṣẹ jáde pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣòwò kò gbọdọ̀ rìn mọ́ ní àwọn òpópónà ńlá ìlú yìí. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹni tó bá ti gba Abobo tàbí Yopougon kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ti rí ọ̀kadà tó já wọ àárín bọ́ọ̀sì kékeré gbaka méjì, tí èrò méjì àti ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sí àṣíborí lórí ẹnì kankan. Ó ti rí kẹ̀kẹ́ akérò tí wọ́n ń pè ní Saloni tí ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ń wà, tí ó ń gba ojú ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bọ̀. Èmi kò bá ẹni tó ní kí wọ́n kúrò lójú òpópónà jà. Ibi tí ọkọ̀ akóyọyọ ń sáré sí kì í ṣe àyè wọn rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń pe orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n, tí a bá sì ti lé wọn tán, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa gbé wa láti etí ọ̀dà dé ẹnu ọ̀nà ilé kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí bí a ṣe dé ibi tí a wà yìí, nítorí Abidjan kì í ṣe ìlú ọ̀kadà látilẹ̀wá. Ní 1960, ọdún tí orílẹ̀-èdè yìí gba òmìnira, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì SOTRA sílẹ̀. Nígbà tí Cotonou ti kún fún ọ̀kadà zémidjan aláṣọ yẹ́lò, tí ọ̀kadà ti gba ìgboro Èkó kan, bọ́ọ̀sì SOTRA, gbaka àti takisí woro-woro ni Abidjan mọ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tó ń gba orí ọ̀sà Ébrié kọjá. Àwọn ará ilé wa tó bá wá kí wa láti Nàìjíríà máa ń yin ìlú yìí fún un. Ogun ọdún 2002 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Orílẹ̀-èdè pín sí méjì. Bouaké àti Korhogo bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó gbé ìbọn dìde sí ìjọba. Ọkọ̀ èrò dàwátì lọ́hùn-ún, alùpùpù sì ń gba ẹnubodè àríwá wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe gùn ún, wọ́n fi ń gbé èèyàn, wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí ìjà parí ní 2011, iṣẹ́ náà kò bá ìjà lọ. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní gúúsù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé etí ìlú, ní Anyama, Bingerville àti Songon, kí ó tó wọ inú Abobo àti Yopougon.

Ìlú fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé èèyàn tó wà ní Ẹkùn Abidjan ti lé ní mílíọ̀nù 6, nínú mílíọ̀nù 29 tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Níbo ni gbogbo wa ń sùn? Owó ilé ní Cocody àti Marcory ti ga kọjá ọwọ́ tálákà, a sì ń sún sẹ́yìn. Ibi tó jẹ́ oko ní ìgbà tí àwọn ìyá wa dé ti di ilé. Àwọn ilé náà ti dìde kí ọ̀dà tó dé ibẹ̀, kí gọ́tà tó dé ibẹ̀, kí bọ́ọ̀sì tó mọ orúkọ ibẹ̀. Gbaka yóò gbé ọ láti Adjamé, yóò já ọ sílẹ̀ létí títì. Woro-woro tó bá fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀ kò ní í wọ inú ilẹ̀ pupa yẹn lọ, pàápàá láti oṣù Èbìbì sí oṣù Agẹmọ tí òjò máa ń rọ̀ bí ẹni tú omi dànù. Ẹ rántí oṣù Okúdù ọdún 2018 tí àgbàrá wọ Riviera Palmeraie ní Cocody, tó gbé mọ́tò, tó sì gba ẹ̀mí èèyàn. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní ti olówó nìyẹn o. Kí ni ẹ rò pé òjò kan náà ń ṣe fún ọ̀nà tó wà lẹ́yìn Abobo?

Ìrìn tó kù láti etí títì dé ilé yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Kò gùn lórí máápù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró látàárọ̀ ní ọjà, tí àpò ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, mọ bí ó ti gùn tó ní agogo méje alẹ́. Àwọn ọmọdékùnrin tó gbé ọ̀kadà àti Saloni wá rí ìrìn yẹn nígbà tí ìjọba kò rí i. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn, kí a tó wá bá wọn wí lórí ìwàkuwà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n.

Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n láti ilẹ̀ òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ Piaggio ti orílẹ̀-èdè Ítálì ló gbé Vespa ẹlẹ́sẹ̀ méjì jáde ní 1946, nígbà tí ogun àgbáyé ti ba ọ̀nà àti àpò àwọn èèyàn jẹ́. Ẹlẹ́rọ kan náà, Corradino D'Ascanio, ló tún ya àwòrán Ape ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó jáde ní 1948. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Íńdíà fún Bajaj ní ìwé àṣẹ ní 1959 láti máa ṣe àwọn méjèèjì lọ́hùn-ún. Láti ìgbà yẹn ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti di ọkọ̀ èrò àwọn ìlú tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹlẹ́sẹ̀ méjì sì jẹ́ ti ẹni tó ń dá rìn. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é mọ ìyàtọ̀. Àwa la gbé iṣẹ́ ọ̀kan lé èkejì lórí.

Ọ̀kadà kì í dá dúró. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún àti ìrìn tó ń rìn ló gbé e ró. Tí ó bá ń sáré lórí ọ̀dà tó gbẹ, ó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó fi wọ kọ̀rọ̀ láìsí ewu, ìyẹn ni ẹ̀bùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àdúgbò wa kì í ṣe ọ̀dà tó gbẹ. Ó kún fún iyanrìn, òkúta, omi tó bo kòtò mọ́lẹ̀. Táyà iwájú á yọ̀ díẹ̀ báyìí, ó parí. Èrò tó wà lẹ́yìn kò ní ohun tí yóò dì mú ju aṣọ ẹni tó ń wà á lọ, orí ló sì máa ń kọ́kọ́ bá ilẹ̀ pàdé. Àwọn oníṣègùn tó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ lórí àṣíborí sọ pé ó ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín orí fífọ́ kù ní ìdá 69. Ó dára. Kí a sọ pé ẹ fi òfin dé e lórí ẹni tó ń wa ọ̀kadà, tí ó sì gbọ́. Kí a sọ pé èrò náà gbà láti dé èyí tí èèyàn mélòó kan ti dé láàárọ̀, lórí irun dídì tàbí lórí gèlè. Ẹ̀yin àgbà wa, ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ńkọ́? Kò sí àṣíborí ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ìdí kan yìí nìkan tó fún mi láti sọ pé ọ̀kadà kò yẹ ní ọkọ̀ èrò ní ìlú tí àwọn ìyá ti ń pọn ọmọ.

Kẹ̀kẹ́ dúró gedegbe. Bó rọra rìn, bó dúró, kì í ṣubú. Ó ní òrùlé fún oòrùn àti òjò. Èèyàn mẹ́ta lè jókòó sẹ́yìn, kí àgbà wọ̀ ọ́ láìgbé ẹsẹ̀ sókè, kí aláboyún wọ̀ ọ́ láìní í fẹsẹ̀ méjèèjì gun nǹkan. Ìyá tó wọ ìró lè jókòó bí èèyàn. Àpò ìrẹsì wà lẹ́sẹ̀, ọmọ ti bọ́ sí iwájú, wọ́n ti délé. Mo ti wọ àwọn méjèèjì láti ọdún tí wọ́n ti dé àdúgbò wa, mo sì ti rí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n á dúró kí ọ̀kadà márùn-ún kọjá nítorí kí wọ́n lè rí Saloni kan. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ara wọn ló sọ fún wọn.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń polówó ọjà fún àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́. Ó ní àléébù tirẹ̀, ó sì wúwo. Nítorí pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní níwájú, tí kò sì lè tẹ̀ sínú kọ̀rọ̀ bí ọ̀kadà, bí ó bá sáré wọ kọ̀rọ̀, ìwúwo èrò á sún sí ìta, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gbéra nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dojú dé. Ó tún burú sí i bí ẹni tó ń wà á bá fi èrò kan há sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ níwájú, tí apá rẹ̀ kò fi ríbi yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dáadáa. Kò ní ilẹ̀kùn. Ara rẹ̀ kò lágbára. Tí gbaka bá kọ lù ú, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀ sára. Lójú òpópónà, ó lọ́ra débi pé ó ń dènà fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ lóore lójú òpópónà ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àléébù náà dáadáa. Gbogbo wọn, eré ló ń bí wọn, àpọ̀jù èrò ló ń bọ́ wọn. Nínú àdúgbò, níbi tí kò sí ẹni tó lè sáré nítorí kòtò àti àwọn ọmọdé, tí èrò sì jẹ́ mẹ́ta péré, kò sí ibi tí wọn yóò gbà jáde. Ti ọ̀kadà kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó ti wù kó rọra rìn tó, ẹsẹ̀ méjì náà ló ní, iyanrìn sì ń dúró dè é. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ọkọ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ya kẹ̀kẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Saloni tó ní àga àti òrùlé yàtọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akẹ́rù, èyí tó ní pẹpẹ irin lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń kó omi inú ọ̀rá, símẹ́ńtì àti pàǹtí. Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ́n, àwọn èèyàn máa ń gun orí ẹrù níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn á máa fì sílẹ̀. Òfin tó bá kàn sọ pé "ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta" láìfi ìyàtọ̀ yìí hàn yóò gba akẹ́rù láàyè láti máa kó èèyàn, tàbí kó lé Saloni lọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ akẹ́rù.

Ní Èkó, àwọn ará ilé wa ti la ọ̀rọ̀ yìí kọjá, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Ìgbà tí Buba Marwa jẹ́ alákòóso ológun ní ìpínlẹ̀ náà, láàrin 1996 sí 1999, ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ ìgboro débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Márúwà títí dòní. Ní 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2020, wọ́n tún gbé òmíràn dé, wọ́n sì lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà àti ní àwọn òpópónà ńlá. Ẹni tó bá wà ní Èkó lọ́sẹ̀ yẹn kò lè gbàgbé. Òṣìṣẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ilé ìwé ń fẹsẹ̀ rìn, ibùdókọ̀ kún fọ́fọ́, ọkọ̀ tó kù sì gbówó lórí. Kò sí ohun tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ tó láti dípò àwọn tí wọ́n lé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 2021, ni àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí ìjọba fẹ́ fi máa gbé èèyàn láti inú àdúgbò dé ojú títì tó jáde.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Okúdù 2022, ìjọba Èkó tún ṣe òfin fún ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọ̀kadà nìkan ni wọ́n dárúkọ. Kẹ̀kẹ́ ṣì ń gbé èèyàn nínú àdúgbò. Ìlú kò dákú bí ti 2020. Ìyàtọ̀ láàrin ọdún méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin aláṣẹ Abidjan mú lọ sínú yàrá ìpàdé yín. Ibi kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé wọn: wọ́n kó ọ̀kadà tí wọ́n gbà jọ, wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá rún un wómúwómú níṣojú àwọn oníròyìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀kadà wọ̀nyẹn, gbèsè ni wọ́n fi rà wọ́n. Ẹni tí o bá fọ́ irinṣẹ́ rẹ̀ tí o kò sì san gbèsè rẹ̀, o kò tíì mú ewu kúrò ní ìlú.

Ẹnìkan lè sọ pé Kigali ńkọ́. Lóòótọ́, ní Rùwáńdà ọ̀kadà ń gbé èrò, ó sì létò: àṣíborí méjì ló ń gbé kiri, ti ẹni tó ń wà á àti ti èrò, aṣọ rẹ̀ ní nọ́ńbà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo gbóṣùbà fún wọn. Ó fi hàn pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í ṣe ẹranko igbó tí kò ṣe é sìn. Ẹ mú nọ́ńbà yẹn, ẹ mú ẹgbẹ́ yẹn, kí ẹ fi ṣètò àwọn tiwa, pàápàá àwọn tó ń fi ọ̀kadà kó oúnjẹ àti ọjà lọ fún oníbàárà. Iṣẹ́ yẹn yẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì gan-an. Ó yára, epo rẹ̀ kéré, ó ń gba ibi tóóró kọjá, bí ẹrù bá sì ṣubú, owó la pàdánù. Níbi tí kẹ̀kẹ́ kò lè wọ̀ rárá, bíi àwọn abúlé kan lápá Songon tí ọ̀nà wọn kò gbà ju ẹsẹ̀ méjì lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà tó ní ìwé àti àṣíborí méjì máa gbé èèyàn títí ọ̀nà yóò fi dára. Ẹni tó ń rọbí lóru kò ní í dúró de òfin.

Àwọn kan nínú yín máa ń sọ pé reluwé ń bọ̀. Mo ń gbàdúrà fún un. Ọ̀nà irin tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 37, láti Anyama dé Port-Bouët, yóò ṣe ìlú yìí lóore tí kò kéré. Ṣùgbọ́n ibùdó ni reluwé ń dúró sí. Bí iye èèyàn tí yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni iye ẹni tí yóò máa wá ohun tí yóò gbé e dé ilé. Bí ẹ bá lé kẹ̀kẹ́ lọ lónìí, ẹ ó tún wá a kiri lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí reluwé.

Ọ̀rọ̀ olè náà wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń já báàgì àwọn obìnrin gbà lórí ọ̀kadà, kí o tó pariwo, wọ́n ti wọ àárín ọkọ̀, wọ́n ti lọ. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí a jọ ń tajà. Kẹ̀kẹ́ kò ṣe é fi sá lọ bẹ́ẹ̀. Ó gbòòrò, ó lọ́ra, bí ẹ bá sì kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí ara rẹ̀, ọmọdé lè kà á. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ààbò gbe òfin náà lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó máa gbè sí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí AMUGA jókòó pẹ̀lú ilé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Abobo, Yopougon, Anyama, Bingerville àti àwọn yòókù, kí wọ́n ya ọ̀nà inú àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ lè máa rìn, kí wọ́n kọ ọ́ sí pátákó tí gbogbo èèyàn á rí. Kí ibùdó kan wà létí títì níbi tí gbaka àti kẹ̀kẹ́ yóò ti máa pàdé, tí kẹ̀kẹ́ kò ní í kọjá. Mẹ́ta lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé ìdójútòfò, nọ́ńbà lára kẹ̀kẹ́. Kí owó ìwé náà má jẹ́ èyí tí ọmọ tálákà kò ní í lè san, nítorí bí ó bá wọ́n jù, abẹ́ ilẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, owó tó yẹ kó wọ àpò ìjọba yóò sì máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ fún àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kan wọ́n ju ọ̀kadà kan lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò lè dá a rà. Bí wọ́n bá wà nínú ẹgbẹ́, tí ìjọba sì dúró fún wọn ní báńkì, ẹni méjì lè jọ ra ọ̀kan, kí wọ́n máa fi àárọ̀ àti alẹ́ pín in wà. Ọmọ ìlú wà nínú wọn, ọmọ Burkina wà, ọmọ Niger wà, àwọn ọmọ tiwa náà wà. Wọn kò ṣẹ̀ wá. Wọ́n rí ìdí tí a fi nílò wọn, wọ́n sì dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ èéfín náà dínkù, ẹ wo Benin àti Togo tí kò jìnnà sí wa, níbi tí ilé-iṣẹ́ Spiro ti ń fi ọ̀kadà oníbátìrì ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì tó tán ní ibùdó kí ẹni náà tún máa lọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ níbí.

Kí n má gbàgbé ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tún ọ̀nà inú àdúgbò ṣe, tí gọ́tà wà, woro-woro yóò wọlé fúnra rẹ̀, kẹ̀kẹ́ yóò sì dínkù láìsí ọlọ́pàá kankan. Títí dìgbà yẹn, a ní láti délé lálaalẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tí a jọ ń tajà, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín náà kí n tó pa ìwé yìí dé. Ẹ má gun ọ̀kadà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mọ́, kódà bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí awakọ̀ Saloni bá ní kí ẹ sún mọ́ òun níwájú nítorí pé ẹ̀yìn ti kún, ẹ sọ fún un pé ẹ ó dúró de òmíràn. Bí ọmọ kékeré ló ń wà á, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Owó wa ló ń gbé iṣẹ́ náà ró, ohun tí a bá kọ̀ láti sanwó fún kò ní í pẹ́ kó tó parẹ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ pe àwọn awakọ̀ àti àwa èrò sí ìpàdé kí ẹ tó kọ òfin tó kàn. Ẹ fi obìnrin ọlọ́jà méjì tàbí mẹ́ta sínú ìgbìmọ̀ tí yóò yan àwọn ọ̀nà náà. A mọ ibi tí iyanrìn wà, a mọ ibi tí omi ń dúró sí, a ó sì wá bí ẹ bá ránṣẹ́ pè wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Èjìgbò kan ní ọjà Adjamé, Abidjan